Bàbà Tí Kò Rí Iná

Bàbá àgbà mi kì í fi ọ̀bẹ lé èèyàn lọ́wọ́. Orí tábìlì ni wọ́n máa ń gbé e sí, wọ́n á yí èèkù rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ, wọ́n á fà sẹ́yìn díẹ̀, ìwọ fúnra rẹ lo máa nawọ́ mú un. Bó o bá na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n fi lé e, wọ́n lè máa wo ọwọ́ náà títí ojú á fi tì ọ́. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọ̀bẹ tí mo bá gbé kalẹ̀, ìwọ lo yàn láti mú un. Èyí tí mo bá fi lé ọ lọ́wọ́, ohunkóhun tó bá ṣe ọ́, èmi ni mo fún ọ."

Wọ́n ti lọ báyìí. Ìlú Pearland lẹ́bàá Houston níbí la sin wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó wọn, nínú ilẹ̀ tó máa ń di ẹrẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀. Gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ló ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, pé ọkàn wọn balẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn nídìí sàréè. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi mọ́tò gbé wọn kiri Houston lọ́dún tí wọ́n lò kẹ́yìn mọ̀ pé ọkàn wọn kò balẹ̀ rárá. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ohun tó sì ń bà wọ́n lẹ́rù kò tóbi ju òrùka ọwọ́ lọ.

Ọ̀bẹ ni iṣẹ́ wọn. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti wá nílé, nígbà tí ìyá mi sì mú àwọn àti ìyá àgbà wá sí Amẹ́ríkà, gárééjì ilé wa di ilé àgbẹ̀dẹ. Irin ayùn àtijọ́ ni wọ́n máa ń gé, wọ́n á fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ títí á fi mú, wọ́n á ki ìdí rẹ̀ bọ inú igi tó jẹ́ èèkù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi òrùka bàbà de ọrùn ọ̀bẹ náà, níbi tí irin ti pàdé igi. Àwọn àlejò rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni òrùka yẹn, nítorí pé ó máa ń dán gan-an. Òun gan-an ló di igi mú kó má là. Bí òrùka bá já, igi á là, bí igi bá sì là, irin á yí mọ́ ẹni tó dì í mú lọ́wọ́. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn tó bá yìn ín pé, "Ẹ má wo bó ṣe dán. Ẹ wò ó bóyá ó dì mú."

Afẹ́fẹ́ Houston kò sì ṣàánú bàbà. Ọ̀rinrin ibí yìí á kọ́kọ́ sọ ọ́ di dúdú, tó bá yá, ìpẹtà aláwọ̀ ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í hù létí rẹ̀. Nítorí náà, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, bàbá àgbà máa ń kó gbogbo ọ̀bẹ ilé jọ. Wọ́n á yọ́ òrí pọ̀ mọ́ ìda oyin, wọ́n á fi àkísà funfun mú díẹ̀, wọ́n á fi pa òrùka kọ̀ọ̀kan yíká bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìpara pa ọmọ jòjòló. Wọn kì í fi ọ̀bẹ sílẹ̀ sínú àkọ̀ aláwọ, nítorí pé awọ máa ń jẹ bàbà. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ wọn gé ọsàn wẹ́wẹ́ tí kò fọ̀ ọ́ kó sì nù ún lójú ẹsẹ̀ ti rí wàhálà nìyẹn.

Àbúrò mi Táyọ̀ ló rí wàhálà yẹn jù. Houston níbí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò ju ẹ kú àárọ̀ àti ẹ jọ̀ọ́ lọ, ó sì gbàgbọ́ pé kò sí ohun tí a kò lè kó sínú ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́. Ó kó ọ̀bẹ méjì sínú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàbá àgbà bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ náà ti parí, òrùka wọn ti ṣì, ó ti di àwọ̀ eérú. Wọ́n jókòó sórí àga ìdáná, wọ́n gbé wọn lé itan.

Táyọ̀ ní, "Grandpa, it's just a knife now. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n kò pariwo mọ́ ọn. Wọ́n nawọ́ sí ẹ̀rọ náà, wọ́n ní, "Pósí olómi gbígbóná nìyẹn. O ti tẹ́ àwọn méjì sínú rẹ̀. Ta ló kàn?" Táyọ̀ bi mí ohun tí wọ́n sọ, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, kò sì fọwọ́ kan ọ̀bẹ kankan nílé yẹn mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn máa ń dà bíi pé nǹkan kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá mi, ọmọ wọn kan ṣoṣo, kò fẹ́ràn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ní ilé ìwòsàn kan ní Medical Center, ó sì máa ń sọ pé àwọn ti rí ikú tó níbi iṣẹ́, kí wọ́n má tún máa gbé e bọ̀ nídìí oúnjẹ.

Ìjà ńlá tí àwọn méjèèjì jà kò ju ẹyọ kan lọ, mo sì wà níbẹ̀. Àìsàn ti dá ìyá àgbà gúnlẹ̀ nígbà náà, wọ́n ń fi rọ́bà fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn símú nínú yàrá tó kángun sí gárééjì. Ìyá mi tibi iṣẹ́ dé, ó gbọ́ tí aago èéfín ń han, ó ṣílẹ̀kùn gárééjì, ó sì bá bàbá rẹ̀ tí wọ́n di iná gáàsì mú, bàbà ń pọ́n lójú iná.

Ó figbe ta. "Daddy! Oxygen! Oxygen wà nínú yàrá yẹn! Ṣé ẹ fẹ́ pa Mummy ni? Ṣé ẹ fẹ́ pa gbogbo wa ni?"

Bàbá àgbà pa iná náà. Ó hàn lójú wọn pé wọn kò rò ó débẹ̀. Ìyá mi gba gáàsì lọ́wọ́ wọn, ó gbé e sínú mọ́tò, ó ní kò sí iná mọ́ nínú gárééjì òun. Kò jẹ̀bi. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ pé kò jẹ̀bi. Bàbá àgbà náà mọ̀. Wọ́n ní, "Bọ́lá, ilé rẹ ni," wọ́n sì wọlé lọ jókòó ti ìyàwó wọn.

Kò pẹ́ tí ìyá àgbà fi kú. Wọ́n gbé ọ́síjìn kúrò nílé, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí òfin iná. Ìyá mi gbàgbé, nítorí ọ̀fọ̀. Bàbá àgbà kò gbàgbé, ṣùgbọ́n wọn kò ní bẹ ọmọ wọn láéláé fún ohun tó ti gbà lọ́wọ́ wọn nínú ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti pinnu pé gbogbo ìdílé tó dúró ti wa nígbà ìsìnkú ni àwọn máa fún ní ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan láti fi dúpẹ́. Wọ́n sì ṣe àwọn ọ̀bẹ náà láìsí iná.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bàbà máa ń rọ̀ níbẹ̀rẹ̀, bó o ṣe ń lù ú ni á máa tẹ̀. Bí lílù bá pọ̀, á le. Ìgbà tó bá ti le ló yẹ kó o dá a padà sínú iná kó pọ́n, kó o wá rì í bọ omi, á sì tún rọ̀. Bó o bá fagídí lù ú láìfi iná rọ̀ ọ́, kò ní sọ nǹkan kan. Á jẹ́ kó o ṣe é tán, kó o fi òrí pa á, kó o fi ta èèyàn lọ́rẹ. Inú ni á ti máa là díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbà kì í purọ́. Ó kàn máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ ni."

Nígbà tí wọ́n ń ṣe àwọn ọ̀bẹ ìdúpẹ́ yẹn, mo máa ń gbọ́ òòlù láti inú ilé. Ìró rẹ̀ yàtọ̀, ó gbẹ, ó le, ó ń dun etí. Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń jáde lára wọn. Wọ́n rò pé ọwọ́ àwọn mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Bàbà sọ̀rọ̀ ní àárọ̀ Sátidé kan. Wọ́n ń pa òrí mọ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀bẹ ọ̀hún, èyí tó kù sílé wa, ni mo bá rí i tí ọwọ́ wọn dúró. Ìlà kan wà lára òrùka náà, tín-ín-rín bí irun orí, ìpẹtà ewé sì ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n tẹ èèkù náà lẹ́ẹ̀kan péré. Igi rẹ̀ dún. Wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n tún nù ún. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, wá gbé mọ́tò rẹ. Mo ti kó ejò wọlé àwọn èèyàn."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ èèwọ̀ ìdílé wọn fún mi. Alágbẹ̀dẹ tí ọ̀bẹ rẹ̀ bá ṣe èèyàn léṣe nítorí àbùkù ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé òòlù mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Àbúrò bàbá wọn kan ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Ara ọkùnrin náà ṣì le koko nígbà tó gbé òòlù sílẹ̀, ó wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn ilé láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì pẹ́ láyé. Àbùkù irin náà kò sì gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹni tó ṣe é kí irin náà tó padà sílé, nítorí pé bó o bá sọ ọ́, o ti pè é. Èyí ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n mo rò pé ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé òrùka ń là, èèyàn á bèèrè ìdí, ìdí rẹ̀ sì ni ìyá mi. Wọ́n kìlọ̀ fún mi, "Bọ́lá kò gbọdọ̀ gbọ́ pé àìsí iná ló fà á."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé nìyẹn. Ọ̀bẹ tuntun ni wọ́n ń gbé lọ láti fi pààrọ̀ ti àtijọ́. Mo ti rán ìyá mi létí òfin iná láìsọ ìdí, ojú sì ti tì í pé òun gbàgbé, ó dá gáàsì padà fún wọn kí wọ́n máa lò ó ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọ̀bẹ ìgbà yẹn ni ó dára jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n ṣe láyé wọn. Ẹ̀rù ló ṣe wọ́n.

Ní àdúgbò Brays Oaks, obìnrin kan nínú ìjọ wa dúró sẹ́nu ọ̀nà apartment rẹ̀, ó di ọ̀bẹ náà mọ́ àyà.

"Bàbá, ẹ dákun, kí lẹ rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, ìyá."

"Ẹni tí kò rí nǹkan kan kì í wá gba ọ̀bẹ padà. Ọ̀bẹ ìsìnkú! Ẹ sọ fún mi, ṣé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni? I can handle it, ẹ ṣáà sọ."

Ó fún wọn, ṣùgbọ́n ìròyìn ti tàn kálẹ̀ kí a tó dé ojú freeway. Aládùúrà ni wá, ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wòlíì kéde ààwẹ̀ fún gbogbo ìdílé tí bàbá ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn. A kúnlẹ̀, a gbàdúrà pé ewu tó ń bọ̀ kò ní wọlé. Bàbá àgbà jókòó lẹ́yìn, nínú aṣọ funfun wọn, àmín tiwọn ló sì ròkè jù. Nígbà tí a dé inú mọ́tò, mo rẹ́rìn-ín, mo ní wọ́n ti di aríran. Wọn kò bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àdúrà yẹn bọ́ sí i. Wọn kò kàn mọ ẹni tí wọ́n ń gbà á nítorí rẹ̀ ni."

Gbogbo ọ̀bẹ náà padà, àfi ọ̀kan. Ó wà ní àdúgbò Greenspoint, lọ́wọ́ Bàbá Fọlárìn, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré. Ìlú kan náà ni wọ́n ti wá, ọkọ̀ òfuurufú kan náà ló gbé wọn dé. Àwọn méjèèjì máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí fóònù yẹn kò dún mọ́ kí a tó lọ.

Bàbá Fọlárìn ṣílẹ̀kùn díẹ̀, wọ́n fi ara wọn dí i. Wọn kò ní kí a wọlé. Láti inú, a gbọ́ ohùn ìyàwó wọn, "Ẹ kú àbọ̀ o, Bàbá Bọ́lá," ṣùgbọ́n a kò rí i. Ìyá Fọlárìn, tí kì í jẹ́ kí bàbá àgbà jókòó tán kó tó kúnlẹ̀ kí wọn!

Bàbá àgbà ní, "Ọ̀bẹ yẹn ni mo wá gbà. Mo mú òmíràn wá, ó dára ju ìyẹn lọ."

"Ẹ̀bùn òkú ni. A kì í gba ẹ̀bùn òkú padà."

"Mo bẹ̀ ọ́. Mi ò bẹ̀ ọ́ rí."

Ojú Bàbá Fọlárìn yí padà, mo sì rí i. Wọ́n ní, "Máa lọ sílé. Lọ máa lu irin rẹ. Ọ̀bẹ mi ni, mo ti gbà á," wọ́n sì tilẹ̀kùn.

A padà lọ, a tún padà lọ. Ilẹ̀kùn náà kò ṣí mọ́. Ọ̀rẹ́ àtọdúnmọ́dún wá di ọ̀tá nítorí ọ̀bẹ ìdáná. Bàbá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Bí fóònù bá dún nílé, wọ́n á dìde dúró. Bí ìyá mi bá ń sọ ti aláìsàn kan tó gé ara rẹ̀, wọ́n á bi í pé irú ọ̀bẹ wo ni, ará ibo ni ẹni náà. Ṣùgbọ́n wọn kò yé lu bàbà. Wọ́n á fi iná sí i, wọ́n á lù ú, wọ́n á tún fi iná sí i, ju bó ṣe yẹ lọ. Orí iṣẹ́ náà ni wọ́n wà títí àìsàn fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mi kẹ́yìn níbẹ̀ kì í ṣe ìre. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Lọ gbà á, kó tó gba nǹkan lọ́wọ́ wọn."

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀bẹ tó rí iná, mo ní mò ń lọ sí Greenspoint. Ìyá mi ní òun ń bá mi lọ, pé Bàbá Fọlárìn kò wá síbi ìsìnkú, òun fẹ́ mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí bàbá òun ṣẹ̀ wọ́n. Mo gbìyànjú láti dá a dúró. Ta ló lè dá ìyá mi dúró?

Lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Bàbá Fọlárìn ní kí a jókòó. Wọ́n ti gbó gan-an. Ìyá Fọlárìn gbé omi wá fún wa, ọwọ́ òsì ló sì fi nà án sí ìyá mi. Ọwọ́ òsì, obìnrin tó kọ́ gbogbo ọmọ ìjọ wa ní ìwà! Ó ní, "Ẹ má bínú, Bọ́lá mi. Èyí tó kù nìyí."

Ìyá mi gbé omi sílẹ̀, ó fa ọwọ́ ọ̀tún ìyá náà jáde lábẹ́ ìborùn. Àpá kan gba inú àtẹ́lẹwọ́ kọjá dé ìdí ọmọ ìka, àwọn ìka náà sì ká kò, wọn kò nà mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe.

Ó ní, "Tendon ló gé. Mummy, ìgbà wo lèyí ṣẹlẹ̀?"

 Bàbá Fọlárìn ló dáhùn, èmi ni wọ́n sì ń wò. "Kí bàbá àgbà rẹ tó wá sẹ́nu ọ̀nà yìí rárá ni. Mo mọ èèwọ̀ ilé wọn. Bí ó bá fojú kan ọwọ́ yìí, kò ní lu irin mọ́, kò sì ní nǹkan mìíràn nílùú yìí. Mo ní kó kúkú máa bínú sí mi."

Inú bí mi, mi ò lè purọ́. Mo ní, "Ẹ̀rù ló pa wọ́n, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí ẹ̀rù pa wọ́n."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń lu irin nígbà tó kú."

Ìyá mi ní, "Èèwọ̀ wo? Ọ̀bẹ dà?"

Mo ní kí wọ́n má mú un wá. Ó ti pẹ́ jù. Bàbá Fọlárìn gbé e jáde nínú àpótí, nínú aṣọ, wọ́n tú u sórí tábìlì. Èèkù ti là sí méjì, òrùka ti ya, etí ibi tó ti ya rí págunpàgun.

Ohun tí gbogbo wa gbàgbé, èmi, bàbá àgbà àti Bàbá Fọlárìn pẹ̀lú gbogbo àṣírí wa, ni pé ọmọ alágbẹ̀dẹ ni ìyá mi. Nígbà tó wà lọ́mọdé, òun ló ń fi ẹwìrì fẹ́ná fún bàbá rẹ̀. Ó mú òrùka náà, ó gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé, ó fi èékánná tọ ibi tó ti là. Ó pẹ́ lórí rẹ̀.

Ó ní, "Wọn ò fi iná sí i."

Ó tún yí òrùka náà padà lójú ìmọ́lẹ̀.

"Daddy ò lè ṣe irú èyí. Daddy kì í lu bàbà tútù." Ó yíjú sí mi. "Àbẹ̀kẹ́, ìgbà wo ni wọ́n ṣe é?"

Mo wo ilẹ̀. Ó ní, "Lẹ́yìn ìsìnkú Mummy. Gáàsì ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Ìyá Fọlárìn ní, "Bọ́lá, jókòó, mu omi."

Ìyá mi kò jókòó.